Ìkíni Ogójì Ìlà

Bí a bá gbé ipò fún ẹni tó fẹ́ràn ara rẹ̀ ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ, kì í ṣe ọrùn tirẹ̀ ni ẹrù náà máa ń wọ̀, ọrùn ará ìlú ni. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe é fi ṣeré, ṣùgbọ́n ẹni tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò ní jẹ́ kí a sọ ọ́ láìrẹ́rìn-ín. Ẹ rín in o, kí ẹ sì rántí ohun tí ẹ ń rín.

Olóyè Àlàní Òkè ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1997, òun ni Alága Ìgbìmọ̀ Ìlera Ìlú Mẹ́ta, èyí tó ń bójú tó ilé ìwòsàn kékeré mẹ́ta, ọ̀kan ní Ojo, ọ̀kan ní Iba, ọ̀kan ní Okokomaiko. Kì í ṣe dókítà. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ọdún méjìlá ló fi ṣe akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ta páìpù omi, kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ẹnu rẹ̀ tólẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba tó fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kejì tó dé orí àga, ó ti rán aṣọ funfun gígùn bíi ti dókítà, ó sì ti gbé okùn tí wọ́n fi ń gbọ́ bí ọkàn ṣe ń lù kọ́ ọrùn. Kò fi í sí etí rí. Bó bá ti ń lọ lójú ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ á máa tún un ṣe bí ìyàwó tuntun ṣe ń tún ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ṣe.

Ohun kan ṣoṣo ló gbà á lọ́kàn. Àga ńlá kan ṣófo ní Ìkẹjà, àga olùdarí tí gbogbo irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Òun ni Olóyè ń lá lálàá. Ó ti gbọ́ pé wọn yóò rán ènìyàn wá ní oṣù kẹfà láti wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, bí ohun tí wọ́n rí bá sì tẹ́ wọn lọ́rùn, àga di tirẹ̀. Ó ti rán agbádá tí yóò wọ̀ lọ jókòó sórí rẹ̀. Ó ti wọ̀ ọ́ wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta níwájú dígí, ó sì ti dáhùn ìkíni àwọn tí kò sí nínú yàrá.

Ní oṣù kẹrin ni àwọn aláàánú kan láti òkè òkun fi kọ̀ǹpútà mẹ́ta ta ìgbìmọ̀ náà lọ́rẹ. Ọ̀gbẹ́ni Àjàyí, onímọ̀ ẹ̀rọ tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun, ló wá fi okùn tẹlifóònù so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ó pe àwọn òṣìṣẹ́ jọ, ó fara balẹ̀ ṣàlàyé fún wọn. Bí ọmọ kan bá gba abẹ́rẹ́ ní Iba lónìí, tí ìyá rẹ̀ pọ̀n ọ́n dé Ojo lọ́la, nọ́ọ̀sì Ojo yóò ti mọ abẹ́rẹ́ tó gbà. Bí oògùn bá tán ní ibì kan, wọn yóò béèrè lọ́wọ́ ibi tó kù sí, èsì yóò sì dé kí omi orí iná tó hó. Bí àrùn bá bẹ́ sílẹ̀ ní òpópónà kan, ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò mọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

“Ẹ mú un bí ilé kan tó ní yàrá mẹ́ta,” ni Àjàyí wí. “Ẹni tó bá ké ní yàrá kan, àwọn yòókù á gbọ́.”

Nọ́ọ̀sì Christiana, tó ń ṣàkóso ilé ìwòsàn Okokomaiko, pàtẹ́wọ́ nígbà tó gbọ́ èyí. Ọdún mẹ́fà ló ti ń gun ọ̀kadà nínú òjò lọ sí Ojo láti lọ tọrọ ègbòogi bí ẹni tó ń tọrọ iyọ̀. Nọ́ọ̀sì Tàíbátù ti Iba, obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ sínú, béèrè bóyá ẹ̀rọ náà yóò máa sọ̀rọ̀ nígbà tí iná bá lọ. Àjàyí dá a lóhùn pé bátìrì wà lẹ́yìn rẹ̀. Inú gbogbo wọn dùn. Inú Olóyè nìkan ni kò dùn, nítorí pé odindi wákàtí kan ti kọjá tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ òun.

Ó gbẹ̀san rẹ̀ ní ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀. Ó pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe tú ọ̀rá tí wọ́n fi wé kọ̀ǹpútà Ojo, kí àlejò lè rí i pé tuntun ni. Ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ wọ yàrá náà bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

“Ẹ̀yin ènìyàn mi,” ni Olóyè wí, “kí n tó dé, àìsàn ń gba iwájú, oògùn ń gba ẹ̀yìn. Mo dé, wọ́n pààrọ̀ ipò. Wọ́n ní òyìnbó ló ṣe ẹ̀rọ yìí. Mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ta ni òyìnbó rí kí ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀ láti gbé e wá? Ṣé igi ni, àbí òkúta? Láti òní lọ, ibà tó bá fẹ́ wọ Okokomaiko, ó di dandan kó kọ́kọ́ kọ̀wé sí mi.”

Ó sọ bẹ́ẹ̀ lọ fún wákàtí méjì. Akọ̀wé rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Àkàndé, dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí simẹ́ńtì, ó ní òun fi ojú ara òun rí i pé ẹ̀rọ náà gbọ̀n nígbà tí Olóyè wọlé. Lóòótọ́ ló gbọ̀n. Jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìn ògiri, gbogbo ohun tó wà nínú yàrá náà ló ń gbọ̀n, títí dé Àkàndé fúnra rẹ̀.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó wọlé láti Okokomaiko kò gùn. Christiana kọ ọ́ báyìí pé aspirin ti tán, kí wọ́n jọ̀wọ́ fi páálí méjì ránṣẹ́. Ọláwùmí, ọmọbìnrin tó ń tẹ ìwé ní ọ́fíìsì Ojo, tẹ̀ ẹ́ jáde, ó sì gbé e tọ Olóyè lọ. Olóyè kà á lẹ́ẹ̀kan. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó yí ìwé náà padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, bóyá ibẹ̀ ni ìkíni wà.

Ó béèrè pé ṣé òun àti Christiana jọ sùn ni. Àkàndé mi orí kíkankíkan, ó ní ayé ti bàjẹ́, ó ní nígbà tiwọn, ọmọ kì í bá àgbà sọ̀rọ̀ láìfi orúnkún kan ilẹ̀. Ibẹ̀ ni àṣẹ tuntun ti jáde. Iṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ dé iwájú Alága láìsí ìkíni lórí rẹ̀.

Ìkíni dára. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ yìí kọ́ ọmọ yín pé kó má kí àgbà. Ṣùgbọ́n bí ilé ènìyàn bá ń jó, tó sáré dé ọ̀dọ̀ àgbà, àgbà tó bá ní kó kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ kó béèrè àlàáfíà ara òun, onítọ̀hún kì í ṣe àgbà mọ́. Igi ìdáná ni.

Àkàndé jókòó, ó kọ ìkíni náà. Ìlà mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó kọ́kọ́ jáde: Ìkíni ọ̀wọ̀ sí Olóyè Àlàní Òkè, Bàbá Ìlera, Òkè tí kò ṣe é gùn, Oògùn tí ń fẹsẹ̀ rìn, Ààbò abiyamọ, Ọ̀gá tí jẹ̀díjẹ̀dí gbọ́ orúkọ rẹ̀ tó gba ọ̀nà oko lọ. Wọ́n ní kí Àjàyí fi í sínú ẹ̀rọ Ojo, tó jẹ́ ìyá fún àwọn méjì yòókù, kó lè jẹ́ pé gbogbo iṣẹ́ tó bá gba ibẹ̀ kọjá, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ni yóò fi ìkíni lé e lórí. Wọ́n tún ní kó dí ọ̀nà tó lọ tààrà láti Iba sí Okokomaiko. Olóyè sọ pé kí ọmọ méjì máa sọ̀rọ̀ lẹ́yìn bàbá wọn, ọ̀tẹ̀ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ ní láti kọ́kọ́ dé Ojo, kí Ọláwùmí tẹ̀ ẹ́ jáde, kó gbé e sórí àwo tí wọ́n tẹ́ aṣọ léésì sí, kí Olóyè kà á, kó fi bírò aláwọ̀ ewé fọwọ́ sí i, kó tó lọ síbi tó ń lọ. Láìsí bírò aláwọ̀ ewé yẹn, hóró oògùn kan kò gbọdọ̀ kúrò ní ilé ìwòsàn kan lọ sí òmíràn.

Àjàyí ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe, ṣùgbọ́n ó kìlọ̀. Ó ní ogójì ìlà péré ni ẹ̀rọ náà lè gbé lẹ́ẹ̀kan, nítorí okùn tẹlifóònù tí kì í pẹ́ já. Ohun tó bá lé ní ogójì, ẹ̀rọ á gé e sọnù. Olóyè ní ogójì pọ̀.

Ó pọ̀ lóòótọ́, títí oyè fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn onígbàjámọ̀ Ajangbadi fi í jẹ Bàbá Ìmọ́tótó. Ìkíni di ìlà mẹ́tàlélógún. Ìjọ aláṣọ funfun kan fi í jẹ Bàbá Ìsàlẹ̀, ó di ọgbọ̀n. Àwọn tó ń ta àgbò ní Alaba Rago, tí wọ́n ti gbọ́ pé ó máa fẹ́ ra àgbò fún ayẹyẹ Ìkẹjà, fi í jẹ Wàkílì Àgbò, wọ́n sì kọ tiwọn gùn dáadáa. Bí oyè ṣe ń gùn sí i lókè ni ọ̀rọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì ń kúrú sí i nísàlẹ̀. Ní oṣù karùn-ún, ìlà mẹ́wàá ló kù fún wọn. Ní ìparí oṣù náà, mẹ́ta. Ọjọ́ tí ti àwọn alágbò wọlé ni ìkíni pé ogójì géérégé.

Àjàyí tún padà wá. Ó ní, “Olóyè, ó ti kún. Kò sí àyè fún ọ̀rọ̀ mọ́.”

Olóyè wò ó tàánú-tàánú, bí a ti ń wo ẹni tó kàwé tí ìwé kò gbè. “Àjàyí,” ló wí, “bí ènìyàn bá ti kí mi tán, kí ló tún kù tó fẹ́ sọ?”

Ó ní kó má wọ yàrá kọ̀ǹpútà mọ́ títí àlejò Ìkẹjà yóò fi dé.

Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹfà ni òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin léra wọn. Omi gọ́tà wọ inú kànga ní Okokomaiko, ní ìdí ibi tí àwọn mọ́tò ti ń yípo. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé, wọ́n gbé ènìyàn mẹ́rin wá bá Christiana, wọ́n ń bì, wọ́n ń yàgbẹ́ olómi bí omi ìrẹsì. Kò dúró kí ẹnikẹ́ni tó sọ ohun tó jẹ́ fún un. Onígbáméjì ni. Ohun tó ń pa ènìyàn nínú àrùn náà ni omi tó ń jáde lára rẹ̀. Bí wọ́n bá tètè fi omi dírípù dá a padà sínú iṣan, yóò yè. Ọ̀rá dírípù mọ́kànlá ló wà lọ́wọ́ Christiana. Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó tẹ̀ ẹ́ pé onígbáméjì ti wọ ìlú, pé òun fẹ́ dírípù, kí wọ́n sọ fún Iba àti Ojo kí wọ́n kìlọ̀ fún ará ìlú nípa omi kànga. Ẹ̀rọ sọ fún un pé iṣẹ́ rẹ̀ ti lọ.

Ó lọ lóòótọ́. Ó dé Ojo, ìyá ẹ̀rọ fi ogójì ìlà lé e lórí, ó sì gé ìyókù dànù.

Ọláwùmí gbé e wọlé lórí àwo léésì. Olóyè kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó dé, méjì mìíràn ti wọlé láti Okokomaiko. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi ṣú, wọ́n ti di méje. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mọ́kànlá. Ara Olóyè bù máṣọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé ará Okokomaiko kan náà ló hó lé e lórí ní ọdún tó kọjá nígbà tó wá bá wọn sọ̀rọ̀ ní ibùdókọ̀, tí ẹnìkan tiẹ̀ ju èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ lù ú. Ó pe Àkàndé, ó ní kó wo ohun tí sùúrù àti ìwà rere lè ṣe. Ojú rẹ̀ kún fún omi. Ó ti gbàgbé pátápátá pé òun ló ní kí wọ́n kọ ọ́, pé ẹ̀rọ òun ló ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ó dà bí ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rìn ara rẹ̀ ní ìhà, tó wá ń wẹ̀yìn pé ta ló ń bá òun ṣeré.

Ó sọ iye ìkíni náà di ìròyìn, ó fi ránṣẹ́ sí Ìkẹjà: inú ará Okokomaiko dùn sí ètò ìlera wọn débi pé wọ́n ń kí Alága lẹ́ẹ̀mọ́kànlá lójúmọ́.

Ní Okokomaiko, ilẹ̀ ilé ìwòsàn ti kún fún aláìsàn. Àlàbá, ọkùnrin tó ń lẹ táyà lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀, gbé ìyàwó rẹ̀, Florence, wá ní òwúrọ̀ Ìṣẹ́gun. Christiana fi ọ̀rá dírípù tó kẹ́yìn sí i lọ́wọ́. Ó sọ òtítọ́ fún Àlàbá pé bí òmíràn kò bá dé kí èyí tó tán, ọwọ́ òun kò ká a mọ́. Pé aláìsàn tí kò lè jókòó kò ṣe é gbé lórí ọ̀kadà lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Pé láti àná ni òun ti ń kọ̀wé sí Ojo, kò sì yé òun ìdí tí wọn kò fi dáhùn. Kó lọ bá Alága fúnra rẹ̀, nítorí láìsí bírò aláwọ̀ ewé rẹ̀, Iba àti Ojo kò lè fún òun ní ọ̀rá kan.

Àlàbá lọ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Àkàndé dá a dúró ní iwájú ọ́fíìsì, ó ní ayé kọ̀ǹpútà la wà, a kì í fi ẹnu jẹ́ iṣẹ́ mọ́, kí nọ́ọ̀sì wọn kọ ọ́ ránṣẹ́. Àlàbá ń bẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ni Olóyè jáde, ó ń lọ wọ bàtà tuntun wò.

“Olóyè, ìyàwó mi wà lórí ilẹ̀ ní—”

“Kí wọn ná,” ni Àkàndé wí. “Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ yín nílé?”

Àlàbá dọ̀bálẹ̀. Ó kí Olóyè, ó kí ilé rẹ̀, ó kí ọ̀nà rẹ̀. Àkàndé dúró lórí rẹ̀, ó ń ka èyí tó bá gbàgbé fún un: ó ku Bàbá Ìmọ́tótó, ó ku Wàkílì Àgbò. Inú Olóyè dùn sí i, ó tilẹ̀ fi ọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ó ní, “O káre, ará Okokomaiko. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, mo ń rí gbogbo rẹ̀ gbà.” Ó wọ mọ́tò. Nígbà tí Àlàbá fi gbé àyà kúrò nílẹ̀, eruku ló bá níbẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì ni Dókítà Ọmọ́yẹlé dé láti Ìkẹjà pẹ̀lú ọkùnrin méjì. Obìnrin kúkúrú ni, ó gbé báàgì aṣọ kọ́ èjìká, kò ní ariwo. Wọ́n ní kó bọ́ bàtà, ó bọ́ ọ. Wọ́n kí i káàbọ̀ fún ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta, ó jókòó gbọ́ ọ tán. Lẹ́yìn náà ni Olóyè mú un lọ síbi ògiri yàrá kọ̀ǹpútà, ibi tó ti lẹ ohun tó fi ń yangàn mọ́: iṣẹ́ mẹ́tàléláàádọ́ta láti Okokomaiko, láti Ọjọ́ Ajé sí òwúrọ̀ yẹn, wọ́n tò wọ́n bí fọ́tò ìgbéyàwó. Ó ní kó fojú ara rẹ̀ wo bí ará ìlú ṣe fẹ́ràn òun tó. Agbádá Ìkẹjà wà lórí àga lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ti lọ̀ ọ́.

Dókítà ka ti àkọ́kọ́. Ó ka ti ìkejì. Ó ka ìkẹta dé àárín, ó dúró. Ó fi ìka tọ ìsàlẹ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Ìlà kan náà ni gbogbo wọn parí sí,” ló wí.

Olóyè ní ìṣọ̀kan ni.

“Iba ńkọ́? Wọn kì í kí yín ní Iba?”

Olóyè ní ìwà ará Iba kù díẹ̀ káàtó, pé ìkíni mẹ́ta péré ni wọ́n fi ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ náà.

Dókítà Ọmọ́yẹlé yíjú sí i. “Olóyè, ẹni tó bá kí ènìyàn lẹ́ẹ̀kan, ó bọ̀wọ̀ fún un. Ẹni tó bá kí i nígbà mẹ́tàléláàádọ́ta láàárín ọjọ́ márùn-ún, ó ń wá nǹkan. Kí ni wọ́n ń wá?”

Ọláwùmí ló sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé Ọ̀gbẹ́ni Àjàyí lè mọ̀, pé ó wà níta lábẹ́ igi, wọn kò jẹ́ kó wọlé. Wọ́n pè é. Ó sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́. Dókítà ní kó yọ ìkíni náà kúrò, kó sì ṣí ọ̀nà tó wà láàárín Iba àti Okokomaiko. Olóyè ní òfin ìgbìmọ̀ kò fàyè gba bẹ́ẹ̀. Àjàyí ti ń yọ ọ́.

Dókítà fúnra rẹ̀ ló jókòó tẹ iṣẹ́ sí Okokomaiko: Kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀? Wọ́n dúró. Jẹnẹrétọ̀ ń lù lẹ́yìn ògiri. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, èsì gba ojú dígí kọ̀ǹpútà kọjá, Ọláwùmí sì kà á sókè:

“Onígbáméjì. Ènìyàn mọ́kàndínlógójì. Dírípù tán láti Ìṣẹ́gun. Mẹ́rin ti kú. Mo ti kọ ọ́ títí. Ẹ dákun, ta ló ń ka èyí?”

Kò pẹ́ tí òmíràn fi wọlé. Láti Iba ni. Ọ̀nà ti ṣí, Tàíbátù ti rí ohun tí Christiana kọ, kò sì dúró de ẹnikẹ́ni.

“Christiana, ogójì wà lọ́dọ̀ mi. Wọ́n ti ń kó o sínú mọ́tò. Kí ló dé tóo fi dákẹ́ láti ọjọ́ yìí?”

Láti Iba sí Okokomaiko, ọ̀kadà kì í rìn ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ọjọ́ márùn-ún ni ogójì ọ̀rá dírípù fi jókòó sórí pẹpẹ ní Iba.

Ẹni tó bá ní ọkàn, ibẹ̀ ni yóò ti fi ọwọ́ lérí. Olóyè Àlàní Òkè bojú wo èsì méjèèjì, ojú rẹ̀ sì le. Ó na ìka sí Ọláwùmí. Ó ní kó dá wọn padà, wọn kò kí òun.

Àkàndé, tó ti la ẹnu láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, pa á dé.

Dókítà Ọmọ́yẹlé dìde, ó wọ bàtà rẹ̀ nínú yàrá náà níbẹ̀. Kò pariwo. Ó béèrè lọ́wọ́ Olóyè bóyá ó mọ ohun tí wọ́n ń fi okùn tó wà lọ́rùn rẹ̀ ṣe. Olóyè ní ohun èlò ipò òun ni. “Ẹ bá wa bọ́ ọ,” ni Dókítà wí. “Wọ́n nílò rẹ̀ ní Okokomaiko.” Ó gbà á lọ́rùn rẹ̀ bí wọ́n ti ń gba nǹkan mímú lọ́wọ́ ọmọdé, ó fi í sínú báàgì aṣọ, ó sì wọ mọ́tò lọ síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn méjì tó bá a wá. Wọ́n dúró ti Christiana títí di ọjọ́ Àìkú. Nínú mọ́kàndínlógójì yẹn, ẹnikẹ́ni kò kú mọ́. Wọ́n dí kànga náà. Ní Iba àti Ojo, wọ́n ti kìlọ̀ fún ará ìlú ní ọ̀sán Ẹtì, àrùn náà kò sì rí ẹsẹ̀ wọlé.

Ìwé Ìkẹjà dé ní Ọjọ́rú tó tẹ̀lé e. Kì í ṣe ìwé àga ńlá. Ìlà mẹ́rin ló gùn. Wọ́n gba ipò lọ́wọ́ Olóyè láti ọjọ́ náà lọ. Ohun kan ṣoṣo ló sì kù tó gbọdọ̀ ṣe kó tó jọ̀wọ́ kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì. Kó kọ ìwé ìbánikẹ́dùn mẹ́rin sí ilé mẹ́rin tí ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀ ní Okokomaiko, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ wọ́n, kó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé wọn lọ.

Ó pe Àkàndé kó wá bá òun kọ wọ́n. Wọ́n ní Àkàndé wà ní ibùdókọ̀ Okokomaiko, ó ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé ọjọ́ pẹ́ tí òun ti ń gba ọkùnrin yìí nímọ̀ràn, ó kàn jẹ́ pé olórí kunkun ni. Olóyè jókòó fúnra rẹ̀. Ó gbé bírò. Ó rí i pé òun kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni nínú àwọn mẹ́rin náà. Ó ní láti tẹ iṣẹ́ kan sí Christiana lórí kọ̀ǹpútà láti béèrè. Orúkọ mẹ́rin náà dé lọ́gán.

Ilé Àlàbá ni àkọ́kọ́, yàrá kan lẹ́yìn ibi tó ti ń lẹ táyà. Ó bá Àlàbá lórí àpótí, ó ń fi omi wá ibi tí táyà kan ti lu. Àlàbá dìde nígbà tó rí i, ó nu ọwọ́, ó fún un ní àpótí náà kó jókòó, nítorí ọmọlúàbí ni. Olóyè kò jókòó. Ó na ìwé sí i. Àlàbá gbà á, kò ṣí i.

“Olóyè,” ló wí, “ohun kan ni mo fẹ́ béèrè. Ìgbà wo lẹ gbọ́?”

Olóyè tún ọrùn aṣọ rẹ̀ ṣe. Ó ní ọjọ́ Ẹtì, pé ọjọ́ Ẹtì ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́, pé òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni òun ń sọ fún un.

“Ọjọ́rú tó ṣáájú Ẹtì yẹn la sin Florence,” ni Àlàbá wí. Ó fi ìwé náà sí àpò, ó jókòó, ó sì tún gbé táyà náà padà sínú omi.